Àga àtijọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó síta yẹn, ẹ dúró ná: bẹ́ ẹ ṣe lè sọ ọ́ di tuntun pẹ̀lú owó kékeré

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àga àti tábìlì àtijọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí torí ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí àga onígi tó dáa níta tí òjò ń pa á, tí ẹni tó ni ín á sì wá lọ kó owó gọbọi lé àga tuntun tó jẹ́ pé páálí àti pákó arère ló wà lábẹ́ aṣọ ẹ̀. Mo ti jókòó sórí irú àga tuntun bẹ́ẹ̀ tí ò tíì pé ọdún méjì tó sì ti ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ mi. Nínú àga àtijọ́, aṣọ ló máa ń gbó, fóòmù ló máa ń tẹ́, igi ẹ̀ kì í sábà ṣe nǹkan kan. Igi yẹn gan-an lowó, tẹ́ ẹ bá ní kí káfíńtà gé irú ẹ̀ fún yín lónìí ẹ ó mọ̀ pé owó ni.

Sẹ́tì àga tí bàámi rà ní 1982 ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí n'Íbàdàn. Ẹlẹ́nìkan mẹ́rin àti gbọọrọ kan tó ń gba èèyàn mẹ́ta, ọwọ́ ẹ̀ fẹ̀ débi pé kọ́ọ̀bù tíì lè dúró lórí ẹ̀, kúṣìn ẹ̀ sì jẹ́ lẹ́dà búráùn tó ti fàya tí fóòmù ẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ bí gàrí. Màámi ti ní ká fi dáná. Mo kàn fi ìṣó ra abẹ́ ọ̀kan nínú wọn wò ni, àwọ̀ tó yọ sí mi dà bí oyin. Ìrókò ni. Àga yẹn wà ní páálọ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ dojú ẹ̀ dé

Abẹ́ àga kì í parọ́. Ẹ dà á dojú dé, kẹ́ ẹ wo ibi tí fánísì ò dé. Ìrókò máa ń pọ́n bí oyin, á sì máa dúdú sí i bó ṣe ń pẹ́. Masonia dúdú bíi kòkó, àwọ̀ ẹ̀ fẹ́ ṣe bíi kó jẹ́ àlùkò díẹ̀. Tíìkì máa ń dà bí ẹni pé òróró wà lára ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á. Arère ní tiẹ̀ funfun, ó fúyẹ́, èékánná lásán á ti rì sínú ẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ ju ti arère nù o, ẹ kàn mọ̀ pé kò tó ohun tẹ́ ẹ máa tìtorí ẹ̀ ná owó ńlá. Èyí tí mi ò ní bá yín dá sí rárá ni pákó tí wọ́n fi góòmù lẹ ìyẹ̀fun igi pọ̀ ṣe, èyí tó máa ń wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n kì bọnú tíì tí omi bá ti kàn án. Tó bá ti wú, ó ti parí nìyẹn, kò sí oògùn ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ fi orí súkúrúdíráífà kan igi ẹ̀ kọ́kọ́kọ́ yí ká. Tí ìró ẹ̀ bá dà bíi ti igbá òfìfo, ikán ti wọ inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ihò wínníwínní bíi ojú abẹ́rẹ́ tí ìyẹ̀fun tuntun sì ń bọ́ látinú ẹ̀, kòkòrò ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Ihò tí ò ní ìyẹ̀fun lè jẹ́ ti ọjọ́ pípẹ́, ẹ gbé e sórí ìwé ìròyìn fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ wò ó bóyá nǹkan á bọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ikán jẹ, káfíńtà lè pààrọ̀ ẹsẹ̀ yẹn. Tó bá ti dé igi tó gbé ìjókòó, ẹ fi sílẹ̀.

Àga tó ń mì kì í ṣe àga tó bàjẹ́ o. Ẹ di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú kẹ́ ẹ mì ín. Tó bá ń lọ tó ń bọ̀, góòmù oríkèé ẹ̀ ló ti kú, ìyẹn ò le. Èyí tó le ni igi tó là gba inú oríkèé kọjá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ra àga lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù kúrò nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìdun! Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo ojú rírán àti abẹ́ ìṣó, tẹ́ ẹ bá rí tóótòòtó dúdú bíi ẹni tó fi bírò to nǹkan sára aṣọ, wọ́n wà ńbẹ̀. Ẹ tú aṣọ àti fóòmù ẹ̀ síta kẹ́ ẹ dáná sun ún, kẹ́ ẹ wá da omi tó ń hó yaya sí gbogbo oríkèé igi yẹn, torí ooru máa ń pa ìdun àti ẹyin ẹ̀. Omi gbígbóná yẹn á tú góòmù àtijọ́ náà, ẹ má bẹ̀rù, a ṣì máa tún un lẹ̀ ni. Ẹ wá gbé e síbi atẹ́gùn, lábẹ́ òjìji, títí á fi gbẹ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀tapíapía lẹ máa fi wẹ àga tí ọmọ máa sùn lé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn inú ẹ̀, dichlorvos, á wọ inú fóòmù, ẹ ó sì máa fà á símú. Láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n yéé ta ìgò kékeré ẹ̀ ní gbangba, ẹ̀mí èèyàn tó ń bá a lọ ló fà á.

Títú u

Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì máa yà á bẹ́ ẹ ṣe ń tú u lọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára igi kọ̀ọ̀kan, "ọwọ́ ọ̀tún", "ẹ̀yìn", "iwájú ìsàlẹ̀", torí lójú yín báyìí ó dà bíi pé ẹ ò lè gbàgbé, lọ́jọ́ kẹta ẹ ó ti gbàgbé. Agolo mílíìkì ni kẹ́ ẹ kó súkúrú sí.

Aṣọ àtijọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ má fà á ya. Àyàfi tó bá jẹ́ ti ìdun, ẹ fi bíléèdì tú ojú rírán ẹ̀ jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀, òun ni tẹ́lọ̀ máa tẹ́ sórí aṣọ tuntun kó tó gé e. Owó wíwọ̀n àti àṣìṣe gígé lẹ fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ sílẹ̀, aṣọ ò sì ní ṣòfò.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé e fún oníṣẹ́, fọ́tò yẹn tún ní iṣẹ́ mìíràn. Mo gbé àga ìjẹun mẹ́fà fún ẹnì kan nígbà kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó pa wọ́n láró dúdú dáadáa ó kó wọn padà wá, ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbé ọ̀kan tí mo rí i pé ó fúyẹ́. Igi méjì nínú ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í ṣe igi tí mo gbé lọ mọ́. Mi ò ní ẹ̀rí kankan tí mo lè fi bá a sọ̀rọ̀. Látìgbà náà mo máa ń fi ìṣó kọ lẹ́tà kékeré sábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń jẹ́ kí oníṣẹ́ rí i pé mo ya fọ́tò ẹ̀.

Oríkèé: ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù

Tí oríkèé ò bá dúró, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ṣe lẹ́yìn ẹ̀ asán ni. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kàn án ní ìṣó. Rárá o. Ìṣó máa ń la igi, á dógùn-ún, á sì fẹ ihò tó wà ńbẹ̀ lójú sí i, nígbà tó bá fi máa dọdún tó ń bọ̀ àga yẹn á ti tún máa jó. Tẹ́ ẹ bá bá ìṣó ńbẹ̀ pàápàá, ẹ yọ ọ́.

Ẹ fi hámà lu oríkèé tó ti tú náà jáde díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé igi pẹlẹbẹ tàbí aṣọ sáàárín hámà àti àga kó má baà dápàá sí i lára. Góòmù àtijọ́ máa wà lẹ́nu igi náà bí ìkarahun, ẹ gbọ́dọ̀ ha gbogbo ẹ̀ kúrò, torí Top Bond tuntun, góòmù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò yẹn, ò ní di igi mú lórí góòmù àtijọ́, igi gan-an ló fẹ́ mu. Aṣọ tẹ́ ẹ rì bọ omi gbígbóná tẹ́ ẹ gbé lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á jẹ́ kó rọ̀. Tí ẹnu igi bá ti kéré jù fún ihò ẹ̀, ẹ ní kí àwọn oníṣẹ́ pákó fún yín ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń bọ́ lára pákó tí wọ́n bá ń fá a, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń fún mi ní ọjà pákó Bódìjà. Ẹ fi góòmù lẹ ọ̀kan yí ẹnu igi náà ká kó lè kún inú ihò ẹ̀ pinpin.

Ẹ wá fi góòmù sí méjèèjì, lẹ́nu igi àti nínú ihò, kẹ́ ẹ tì í wọlé. Ó gbọ́dọ̀ wà ní dídì pinpin títí á fi gbẹ. Kílámpù wọ́n, ẹ má lọ rà á. Ẹ lọ bá fọkanáísà àdúgbò yín kó fún yín ní tíúbù táyà tó ti bẹ́, ti mọ́tò ńlá ló dáa jù. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì là á kó gùn bíi bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ so orí ẹ̀ kan mọ́ ẹsẹ̀ àga, kẹ́ ẹ máa fà á le bẹ́ ẹ ṣe ń wé e yí i ká, tẹ́ ẹ bá wé e dé ẹ̀ẹ̀kẹta sí ìkẹrin ẹ ó rí i tí góòmù á máa yọ bíi wàrà létí oríkèé. Yíyọ yẹn la fẹ́. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún lójú ẹsẹ̀, torí ibi tí góòmù bá gbẹ sí lójú igi ò ní mu àwọ̀ mọ́, á funfun síbẹ̀ gbágbáágbá.

Kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ fi okùn wọn ìjókòó ẹ̀ láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, kẹ́ ẹ wọn ìkejì náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ó ti wọ́, ẹ tì í kó tó gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ má fọwọ́ kàn án fún odindi wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Fífi sáńpépà ra á àti kíkùn ún ní fánísì

Ẹ kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ibi tí ọ̀rá ọwọ́ èèyàn ti dì mọ́ ẹ fi aṣọ tí kẹrosíìnì díẹ̀ wà lára ẹ̀ nù ún, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Sáńpépà nọ́ńbà 80 fún ibi tí fánísì àtijọ́ ti ki, lẹ́yìn náà 120, kẹ́ ẹ fi 220 parí ẹ̀. Ibi tí ìlà igi bá kọrí sí ni kẹ́ ẹ máa ra á sí, ẹ má dábùú ẹ̀, torí ojú ibi tẹ́ ẹ bá dábùú ò ní hàn nísinsìnyí, ìgbà tí fánísì bá kàn án ló máa tó yọ bí ojú ilà. Iṣẹ́ yìí ló ń gba àkókò jù, òun náà ló sì ń jẹ owó jù tẹ́ ẹ bá ní kí ẹlòmíì bá yín ṣe é, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é.

Ẹ bo imú o. Eruku ìrókò àti ti masonia kì í ṣe eruku lásán, ó máa ń jẹ́ kí ara yún èèyàn, kí èèyàn máa sín, ẹni tó ní ikọ́ fée ò gbọ́dọ̀ dé ìtòsí ẹ̀ rárá. Tó bá sì jẹ́ ọ̀dà àtijọ́ ló wà lára àga yín, òjé lè wà nínú ẹ̀, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má ra irú ẹ̀ ní gbígbẹ, ẹ máa rẹ sáńpépà sínú omi, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ gbá ibẹ̀ tónítóní, kí àwọn ọmọ má sì sí níbẹ̀.

Ìyẹ̀fun igi tó ń bọ́ yẹn, ẹ gbá díẹ̀ sínú agolo. Tẹ́ ẹ bá pò ó mọ́ Top Bond bí ẹni po ẹ̀bà kékeré, òun lẹ máa fi dí ojú ihò ìṣó, àwọ̀ ẹ̀ á sì súnmọ́ ti igi ju ohun tí wọ́n ń tà nínú agolo lọ.

Fánísì tí èmi máa ń lò ni sanding sealer, ìyẹn èyí tó ń dí ojú igi kí lákà tó gorí ẹ̀, àti lákà. Ẹ fi tínà pò sealer ní ìdajì-ìdajì, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ ẹ di òwú sínú ẹ̀ pa á, kò ní ju ìṣẹ́jú ọgbọ̀n sí wákàtí kan lọ tó fi máa gbẹ, kẹ́ ẹ fi sáńpépà 220 tó ti gbó ra á fẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ pa ìkejì. Lẹ́yìn náà lákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbọ́dọ̀ ki. Ẹ ṣe é níta, jìnnà sí ààrò àti sìgá, tínà máa ń gbiná kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ẹ má sì dán an wò lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, lákà tó bá gbẹ nínú ọ̀rinrin á funfun bí èéfín, ẹ ó wá rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán lọ́jọ́ tí oòrùn bá wà ni mo máa ń ṣe tèmi. Ọyẹ́ dáa fún gbígbẹ, eruku ẹ̀ nìkan ni wàhálà, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má kun ìrókò tàbí masonia ní ọ̀dà funfun torí ẹ rí i lórí fóònù. Tó bá jẹ́ arère, tàbí àga tẹ́ ẹ fi oríṣiríṣi igi lẹ̀, ẹ kùn ún, ó máa rẹwà. Àmọ́ igi tó ti fi ogójì ọdún yọ àwọ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kó hàn.

Ìjókòó

Tíúbù yẹn náà la tún máa lò. Ẹ là á ní ínṣì méjì-méjì, ẹ kan orí ẹ̀ kan mọ́ inú férémù ní ìṣó mẹ́ta tórí ẹ̀ fẹ̀, ẹ fà á le kẹ́ ẹ kan orí kejì. Kí àlàfo àárín wọn má ju ínṣì méjì lọ. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti to ti òòró, ẹ wá máa hun ti ìbú gba òkè gba abẹ́ wọn bí ẹni hun ẹní. Tẹ́ ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ó gbọ́dọ̀ dún bí ìlù. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju pákó lọ torí ó máa ń gbé èèyàn, fóòmù ò sì tètè tẹ́ lórí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní owó kékeré kan tẹ́ ẹ fẹ́ ná tinútinú, fóòmù ni kẹ́ ẹ ná an lé. Ínṣì mẹ́rin fún ìjókòó, mẹ́ta tó fún ẹ̀yìn. Ẹ má kàn wo bó ṣe ga, ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ wọlé kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń padà, èyí tó bá ń fi ìlọ́ra padà tàbí tí ìkúùkù yín kan ìsàlẹ̀ ẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Tówó ò bá sí rárá, àárín mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ló máa ń tẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ṣì máa ń le dáadáa. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì á gé e. Ẹ gé e kó fi ìdajì ínṣì tóbi ju àpò aṣọ lọ yí ká, kó lè kún inú àpò ẹ̀, tó bá ṣe rẹ́gí aṣọ á máa kíweje.

Aṣọ náà, ẹ fún tẹ́lọ̀ ní ti àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí, kó fi síìpù sí ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ lè máa bọ́ ọ fọ̀. Àdìrẹ Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ni mo fi ṣe ti ẹ̀yìn àga bàámi. Ẹ fọ àdìrẹ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó rán an, torí aró ẹ̀ á ra aṣọ funfun àlejò, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ tó nípọn tì í lábẹ́. Ní ìjókòó gan-an, aṣọ kúṣìn tó nípọn ni mo lò, ibẹ̀ ni ìdí ń há.

Ohun tí kì í ṣe àga

Ṣé ẹ rántí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onígi, èyí tó ní ilẹ̀kùn níwájú tí wọ́n máa ń tì pa? Àpótí ẹ̀ dáa fún ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ tú inú ẹ̀ fúnra yín. Gíláàsì ńlá inú ẹ̀ máa ń gbé iná pamọ́, ó lè gbé èèyàn ṣubú lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri tipẹ́, tó bá sì fọ́, ṣe ló máa ń bú. Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe kí wọ́n yọ inú ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé àpótí yín padà. Pákó kan láàárín ẹ̀, fánísì, ó parí.

Ẹsẹ̀ irin máṣíìnì ìránṣọ, Singer àwọn ìyá wa yẹn, ni mo fẹ́ràn jù. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti kẹrosíìnì á bó ìpẹtà ẹ̀. Ẹ pa á ní rẹ́dì ọ́sáìdì, ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà, tó bá gbẹ kẹ́ ẹ kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Ẹ yọ okùn lẹ́dà ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi wáyà di pẹ́dàlì mọ́ férémù, kí ìka ọmọdé má baà há síbẹ̀. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ló dáa fún orí ẹ̀, èyí tó jẹ́ igi gidi o, kì í ṣe èyí tí inú ẹ̀ ṣófo. Abẹ́ ni kẹ́ ẹ ti de súkúrú wọlé, nínú ihò tí irin yẹn ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi súkúrú náà wọn ẹ̀gbẹ́ pákó lóde kẹ́ ẹ rí ibi tó máa dé, kó má lọ yọrí sókè lójú tábìlì.